Bainọ́kúlà fún ọdẹ tuntun: èwo ló yẹ igbó Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ?

Ẹni tó bá ti dẹ igbó láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé ìhà Ògbèrè mọ̀ pé ojú kì í rìn jìnnà níbẹ̀. Ní ìhà Ṣakí lọ́hùn-ún, ilẹ̀ ọ̀dàn ni, èèyàn lè dúró lórí àpáta kó máa wo àgbọ̀nrín bó ṣe ń jẹ̀ bọ̀. Ní tiwa, oko kòkó ló ń bọ́ sínú oko obì, oko obì á bọ́ sínú igbó kìjikìji, ìtàkùn á sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí ogójì mítà níwájú láìsí ewé tó dí yín lójú, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ojú títì lẹ wà. Síbẹ̀, ẹ bèèrè bainọ́kúlà lọ́wọ́ ọlọ́jà, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni bó ṣe ń rí ọ̀nà jíjìn tó. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa rí Èkó láti Ṣágámù!” Kí lẹ fẹ́ fi Èkó ṣe?

Iṣẹ́ tí awò ń ṣe fún ọdẹ níbí ni kó mọ ohun tó wà nínú ìgbẹ́ dájú kó tó gbé ìbọn lé èjìká. Ohun tó ń mi ewé lẹ́bàá oko gbágùúdá nírọ̀lẹ́ lè jẹ́ ọ̀yà, ó lè jẹ́ ajá ẹlòmíràn, ó lè jẹ́ ìyá àgbà tó ń ṣẹ́gi. Ó sì lè jẹ́ àkíka, tí òfin ń dáàbò bò. Ní ìhà J4, nínú igbó tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti 1925, erin ṣì wà níbẹ̀, òfin ń dáàbò bo àwọn náà.

Oríṣi mẹ́rin ni yóò wá síwájú yín. Nọ́ńbà iwájú tó wà lára wọn ni iye ìgbà tó ń mú nǹkan tóbi, ti ẹ̀yìn ni bí gíláàsì iwájú ṣe fẹ̀ tó ní mílímítà. Kékeré alápò wà, 10x25. Onísúùmù wà, tí gíláàsì iwájú rẹ̀ pupa fòò, tí wọ́n máa ń pè ní ti sójà. Tòkunbọ̀ wà, 8x30 tàbí 7x50, èyí tí wọ́n ṣe ní Japan tàbí Rọ́ṣíà láyé àtijọ́, tó fẹ̀ léjìká. Lẹ́yìn náà ni 8x42 tuntun, ọ̀pá méjì tó gùn tààrà, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 10x42.

Ti ìmọ́lẹ̀ kò le. Ẹ fi nọ́ńbà iwájú pín ti ẹ̀yìn: 25 tí a fi 10 pín jẹ́ 2.5, 42 tí a fi 8 pín lé díẹ̀ ní 5. Bí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde sójú yín ṣe fẹ̀ tó nìyẹn, ní mílímítà. Lọ́sàn-án gangan, ihò ẹyinjú kì í sábà fẹ̀ ju 2 sí 3 lọ, nítorí náà kékeré alápò tó. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí ihò ẹyinjú là dé 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó di pé ẹ ń yọjú láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọ̀yà ń jáde. Ti gíláàsì pupa burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: pupa tí ẹ ń rí níwájú rẹ̀ yẹn, ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó wọlé ló ń dá padà. Bí ẹ bá sì rí èyí tí wọ́n kọ 100 sí lára, ẹ fi rúlà wọn gíláàsì iwájú rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó.

Awò tó ń làágùn

Gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí, ẹ lè rí i ní ìsọ̀. Èyí tí ẹ ò lè rí níbẹ̀ ló ń jẹ owó èèyàn. Òjò wa ń bẹ̀rẹ̀ láti Oṣù Kẹta, ó ń lọ títí dé Oṣù Kẹwàá tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó kàn ń sinmi díẹ̀ nínú Oṣù Kẹjọ ni. Láàárín ìgbà yẹn, ọ̀rinrin kì í tán nínú igbó, kódà lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀. Awò tí wọn ò dí lẹ́nu dáadáa á máa fa afẹ́fẹ́ yẹn sínú. Bí ilẹ̀ bá tutù lóru, omi inú afẹ́fẹ́ náà á lẹ̀ mọ́ gíláàsì láti inú, níbi tí aṣọ kankan ò lè dé.

Onísúùmù kan tí mo ní tẹ́lẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti rà á. Ẹni tó tà á búra pé omi ò lè wọ̀ ọ́, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí. Òjò kọ́ ló mú un o, ìrì àárọ̀ lásán ni. Mo sá a sóòrùn, ó gbẹ. Ó tún làágùn. Nígbà tó yá, fọ́nrán funfun tín-ín-tín bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára gíláàsì, mò ń nu ìta, ti inú ń tàn sí i. Ó ti bu. Ohun tó ń bu sí gíláàsì yìí máa ń jẹ ọ̀dà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bò ó, bí wọ́n tilẹ̀ nù ún kúrò, àpá rẹ̀ ò ní lọ. Ẹnì kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe tú u, ó nù ún, ó dì í padà. Láti ọjọ́ náà, ojú ọ̀tún ń wo igi kan, ojú òsì ń wo òmíràn, orí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹni tó bá gbé e sójú. Tí ọ̀pá méjèèjì bá ti yẹ̀ kúrò lójú kan náà báyẹn, ó di ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú tó sì ní irinṣẹ́ rẹ̀, owó iṣẹ́ sì lè ju owó awò lọ. Nígbà tí mo gbé e padà lọ bá ọlọ́jà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fọ̀ ọ́ ni?”

Èyí tí wọ́n ṣe dáadáa, wọ́n fi òrùka rọ́bà dí gbogbo oríkèé rẹ̀, wọ́n lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì fi gáàsì náítírójìn gbígbẹ rọ́pò rẹ̀. Náítírójìn fúnra rẹ̀ kọ́ ni oògùn. Pé ó gbẹ, pé ẹnu awò sì dí, òun ni iṣẹ́. Onísúùmù ṣòro láti dí bẹ́ẹ̀ nítorí irin tó ń yí kiri lára rẹ̀. Tòkunbọ̀ tó fẹ̀ léjìká, nígbàkúùgbà tí ẹ bá yí i kó lè mọ́ lójú yín, ẹ̀yìn rẹ̀ á yọ síta, á tún wọlé: ó ń mí nìyẹn, ọ̀rinrin ló sì ń mí sínú. Èyí tó pọ̀ jù nínú 8x42 òde òní, inú lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń yí, ẹ̀yìn wọn ò kúrò lójú kan.

Lára páálí, ẹ wá waterproof àti fogproof, kí méjèèjì pé. Weather resistant kò sí nínú wọn. IPX7 túmọ̀ sí pé ó lè wà nínú omi tó jìn ní mítà kan fún ìṣẹ́jú 30. Ṣùgbọ́n páálí ò mọ irọ́ pípa yàtọ̀ sí òótọ́, nítorí náà ẹ bá ọlọ́jà sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín pé ẹ máa dán an wò. Ẹ kó píọ́ wọ́tà tútù sínú kúlà, ẹ fi ọ̀rá wé awò, kó wà láàárín wọn fún wákàtí kan. Bí ẹ bá yọ ọ́, ìta á làágùn, kò burú, ẹ nù ún. Bí kùrukùru bá ṣì wà lẹ́yìn tí ẹ nù ún tán, inú ló wà. Ẹ dá a padà.

Bí ẹ bá rà á, ẹ má fi pamọ́ sínú àpò awọ rẹ̀, ọ̀rinrin ni awọ ń gbà. Ike oúnjẹ tó ní ìdérí líle, pẹ̀lú àwọn pákẹ́ẹ̀tì kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ó tó. Ẹnì kan ní Ìlíṣàn ní gàrí Ìjẹ̀bú náà máa fa omi inú rẹ̀. Lóòótọ́ gàrí wa gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa mu ún.

Àwọn yòókù ò gùn. Bó bá di ti ìbú ohun tí ẹ ń rí, 8x ń ju 10x lọ, ọwọ́ kì í sì í gbọ̀n nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. 7x50 mọ́lẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, ọrùn yín á sì mọ̀ pé ẹ gbé e kọ́. Ẹni tó ń lo awò ojú, kó rí i pé ike ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé yí wálẹ̀.

Ká má ṣègbè fún ẹnikẹ́ni: kékeré alápò dára fún ẹni tó jẹ́ pé ọ̀kẹ́rẹ́ ọ̀sán ló ń lé nínú oko kòkó tirẹ̀. Tòkunbọ̀ tí inú rẹ̀ mọ́ lè dùn ún wò ju ọ̀pọ̀ tuntun lọ, pàápàá nínú ọyẹ́. Ẹ gbé e sí iwájú iná, kí ẹ wò ó láti ẹnu iwájú kó lè hàn bó bá ti bu. 10x42 yẹ ẹni tó ń dẹ etí odò tàbí ibi tí wọ́n ti ṣán igbó lọ rẹrẹ. Onísúùmù, ọmọ yín lè fi wo òṣùpá. 8x42 wọ́n, ìlọ́po mẹ́ta onísúùmù tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó sì wúwo díẹ̀. Mi ò mọ àléébù mìíràn tí mo lè kà sí i lọ́rùn.

Ohun tó kù nínú ẹrù

Iná orí: àwọn bàbá wa fi fìtílà kábáàdì dẹ̀gbẹ́, omi tó ń kán sórí kábáàdì ló ń di gáàsì tó ń jó. Iná rẹ̀ tutù lójú, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ń ṣíwájú ọdẹ, iná gidi sì ni lórí èèyàn. Ẹ ra èyí tó ń gba ṣáàjì. Bátìrì 18650, irú èyí tó máa ń wà nínú iná orí, tí wọ́n kọ 9900 mAh (bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó) sí lára, irọ́ ni. Èyí tó dára jù kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 3500 lọ. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kejì dání.

Bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, torí ọká àti paramọ́lẹ̀. Àdá wà nílé yín. Ìbọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà: ìwé àṣẹ ọlọ́pàá àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú yín ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ̀ lọ.

Bí owó ò bá tó, bàtà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, iná orí tẹ̀lé e, kí awò dúró. Kó dúró títí di Oṣù Keje pàápàá, nítorí nínú ọyẹ́ gbogbo awò ló gbẹ, ọlọ́jà á sì búra fún yín. Ẹ lọ nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ gbé kúlà yín dání.