Rédíò àgbéká àbí dongle RTL-SDR: èwo ni kí ẹ rà bí ẹ bá ń gbé Àkúrẹ́?

Lójoojúmọ́, bó bá ku díẹ̀ kí aago mẹ́fà ìdájí lù, ẹ máa bá mi ní fàráńdà ilé wa ní Òkè-Àró, rédíò kékeré kan lórí itan mi. Láàárín 7,000 sí 7,200 kHz ni mo máa ń wà, níbi tí àwọn tí à ń pè ní ham ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, láìgba kọ́bọ̀, nítorí ìfẹ́ rédíò nìkan. Bí oòrùn bá ti gòkè dáadáa, ohùn wọn á máa rẹlẹ̀ títí á fi pòórá. Mo á wá sún lọ sí 21,000 sí 21,450, tàbí sí òkè 28,000, nítorí ọ̀sán ni àwọn yẹn máa ń jí. Nírọ̀lẹ́, mo á wà ní 14,000 sí 14,350. Bí ilẹ̀ bá ṣú tán, mo tún ti padà sí 7,000. Ẹni tó bá fẹ́ dá wọn lóhùn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ní tèmi, mo ń gbọ́ ni.

Àwọn tó bá rí mi níbẹ̀ máa ń bi mí pé kí ni kí àwọn náà rà. Ọ̀nà méjì ló wà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀: rédíò àgbéká tó ní SSB (ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tí àwọn ham ń lò), bíi Tecsun PL-330 tí mo ń lò tàbí XHDATA D-808 tí mo yá lò fún oṣù kan, tàbí dongle RTL-SDR, ẹ̀rọ kékeré tí ẹ ó kì bọ ara kọ̀ǹpútà kó lè di rédíò.

Ọ̀nà kẹta wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má tọ̀. Rédíò ọjà ni mo kọ́kọ́ rà, wọ́n kọ báńdì 12 sí i lára gàdàgbà, ó ní tọ́ọ̀ṣì, ó ní sóólà, ó ń kọ orin láti inú flash. Ó gbé Voice of Nigeria lórí 7,255 ketekete. Ṣùgbọ́n gbogbo ham tí mo bá bá pàdé, bíi pẹ́pẹ́yẹ tí nǹkan há lọ́fun ni. Ìdí ni pé SSB ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀: wọ́n ti yọ ìgbì tó ń gbé ohùn dání kúrò, apá kan ohùn náà nìkan ni wọ́n sì ń rán jáde. Rédíò tó bá fẹ́ gbọ́ wọn gbọ́dọ̀ dá ìgbì yẹn padà síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Báńdì 12 kò lè ṣe iṣẹ́ bọ́tìnnì SSB kan ṣoṣo. (Lábẹ́ 10,000 kHz, LSB, ìyẹn apá ìsàlẹ̀, ni kí ẹ tẹ̀, lókè rẹ̀, USB, apá òkè, kì í ṣe USB ti okùn kọ̀ǹpútà.)

Ọ̀rọ̀ ariwo gan-an ni mo fẹ́ kí a jókòó tì, torí òun ló jẹ owó mi.

Dongle ni mo rà tẹ̀ lé e. Kò ju àtàǹpàkò lọ. Ohun tí wọ́n fi ń wo tẹlifíṣọ̀n lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é fún, kó tó di pé ní nǹkan bí ọdún 2012 àwọn kan rí i pé ẹ̀rọ inú rẹ̀, RTL2832U, lè di rédíò tó ń gbọ́ ohun tó pọ̀ rẹpẹtẹ. Mo kì í bọ laptop lálẹ́ ọjọ́ kìíní, inú mi ń dùn. Ohun tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà ni ìlà gbọọrọ gbọọrọ bí irin ojú fèrèsé, ohun tí mo sì gbọ́ ni híhó bí omi tó ń hó lórí iná. Mo ní ayédèrú ni wọ́n tà fún mi, mo ra òmíràn. Bákan náà ló rí. Wọ́n ní àwọn iléeṣẹ́ FM ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí Adaba lórí 88.9, FUTA lórí 93.1 àti Positive FM lórí 102.5 kò jìnnà sí wa, agbára dongle yìí kò sì tó láti ya ohùn ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn kékeré. Mo ra asẹ́ tó ń dá FM dúró. Mo tún ra upconverter, tó ń gbé ìgbì ìsàlẹ̀ sókè dé ibi tí dongle ti lè gbọ́ ọ. Mo ra wáyà, mo gùn ún sórí igi máńgòrò. ₦74,000 ti lọ, híhó ṣì ń hó.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ. Laptop ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí bátìrì rẹ̀, mo sì rí i lójú mi tí ìdajì àwọn ìlà yẹn pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn ọkùnrin kan jáde látinú ibi tí mo ti rò pé kò sẹ́ni kankan. Kò pẹ́ tí àwọn jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í dún, tá-tá-tá tiwọn náà sì gba ojú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi pé dongle kò jẹ̀bi. Ṣájà laptop, gílóòbù LED, inverter, gbogbo wọn ló ń tan iná tó sì ń pa á lọ́pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn náà sì jẹ́ ìgbì rédíò.

Rédíò àgbéká ló bá mi wá wọn rí. Ẹ̀gbọ́n kan ní ìjọ wa yá mi ní D-808 rẹ̀. Mo yí i sí ibi tí kò sẹ́ni kankan tó ń sọ̀rọ̀ lórí báńdì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ilé ká bí ajá ọdẹ. Ní ilé ìdáná, ó hó: gílóòbù. Lẹ́bàá tábìlì mi, ó hó: ṣájà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri màmá tó wà ní ilé kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di mí létí. Mo lọ kí wọn.

“Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè bá mi pa sóólà yín fún ìṣẹ́jú kan?”

“Ọmọ mi, kí ni sóólà mi ṣe fún rédíò rẹ?”

Wọ́n pa á, ariwo dákẹ́. Ọlọ́run á bùkún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè máa lọ kanlẹ̀kùn wọn lójoojúmọ́. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n gbé rédíò mi kúrò nítòsí ògiri wọn, lọ sí fàráńdà iwájú. Lọ́jọ́ ìsinmi, mo máa ń gbé e lọ sí ẹsẹ̀ òkè Ìdànrè, níbi tí ariwo kò sí rárá, tí mo ti ń gbọ́ àwọn tí n kò gbọ́ rí láti ilé. Ẹni tó ní dongle á gbé laptop dání, laptop náà sì ń pariwo fúnra rẹ̀. Òrùka ferrite, òrùka dúdú tó ń dí ariwo lọ́nà, lára okùn USB máa ń dín in kù, kì í pa á tán.

Ẹ tún wo ìgbà tó dára jù láti gbọ́ rédíò ní ìlú yìí: lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́, tí iná ti lọ, tí oníkálukú sì ti pa jẹnẹrétọ̀ nítorí epo. Ní wákàtí yẹn, bátìrì laptop mi ti kú. PL-330 ń lo BL-5C, bátìrì Nokia àtijọ́ tí ẹ máa rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Ọjà Ọba. D-808 ń lo 18650, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì tí à ń ṣájì. Mo máa ń ní méjì tó kún nílẹ̀.

Kí n má fi òótọ́ pamọ́, dongle ní ibi tó ti ju tèmi lọ. Ẹ ó rí gbogbo báńdì lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu, ẹ ti rí i. Ó ń gbọ́ ISS, ilé àwọn arìnrìn-àjò òfurufú tó ń yí ayé ká, lórí 145.800 MHz nígbà tó bá ń kọjá lókè wa. Rédíò àgbéká méjèèjì yìí kò lè débẹ̀. FT8, ọ̀nà tí àwọn ham fi ń ránṣẹ́ kúkúrú bí ìró fèrè, tó jáde ní 2017, tí kọ̀ǹpútà ń bá ni kà sí ọ̀rọ̀, dongle ló rọrùn fún un. Bí ohùn àwọn awakọ̀ òfurufú ló wù yín, 118 sí 137 MHz, dongle àti D-808 ń gbé e, PL-330 kò gbé e.

Owó: dongle fúnra rẹ̀ dínwó, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò laptop mọ́ ọn. Kíkọ́ ọ: àgbéká, ọjọ́ kan, dongle, ẹ fi sùúrù sí i. Wáyà gígùn lálẹ́: ó lè bo rédíò àgbéká mọ́lẹ̀, ẹ yí i sí LOCAL, bọ́tìnnì tó ń dín agbára ìgbọ́ran rẹ̀ kù. Ààrá: bí òjò bá ti ń ṣú, ẹ yọ wáyà ìta kúrò lára èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ má dúró kí ẹ gbọ́ ìró àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ẹni tó ní laptop tẹ́lẹ̀, tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ilé ẹlòmíràn, tó sì fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, kó ra dongle, kò ní kábàámọ̀. Ẹni tó ń gbé láàárín ilé bíi tèmi, kó kọ́kọ́ ra àgbéká, kó fi wá ariwo ilé rẹ̀ rí, kó tó ná kọ́bọ̀ kan sí i. D-808 ni bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ bàálù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, PL-330.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ ní kí ó jẹ́ kí ẹ gbé e jáde síta nírọ̀lẹ́. Ẹ gbé e sí 14,074, ẹ tẹ USB. Ìró bíi fèrè púpọ̀ tó ń fọn pọ̀, tó ń dákẹ́, tó tún ń bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 15, 15, FT8 nìyẹn, SSB inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ní inú ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ gílóòbù, ni kí ẹ ti dán an wò, ẹ fi owó yín sápò.