Láti Magome dé Tsumago: ọ̀nà òkè Japan tí ìyá mi fẹsẹ̀ rìn

Ẹni tó bá dàgbà sí Ẹ̀fọ̀n Alààyè kì í bẹ̀rù òkè, àmọ́ orúnkún Màmá ni mo ń rò kí a tó gbéra. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ìdúró ìdí ọjà ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, sì ti jẹ nínú ẹsẹ̀ wọn. Síbẹ̀ wọ́n rin ọ̀nà yìí já. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mú òbí yín rìnrìn àjò ni mo ń kọ èyí fún.

Nakasendo ni ọ̀nà àtijọ́ tó gba àárín òkè láti Edo, tó di Tokyo lónìí, lọ sí Kyoto. Ibùdó 69 ni àwọn arìnrìn àjò ti ń sinmi lójú ọ̀nà náà. Magome àti Tsumago wà lára wọn, bíi kìlómítà 8 ló sì wà láàárín wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Magome o. Òkè tẹ́ ẹ máa pọ́n níbẹ̀ kò pọ̀ tó ti ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti Tsumago. Tẹ́ ẹ bá ti dé orí rẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ ló kù.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni ètò ẹrù. A kó báàgì wa fún wọn ní ọ́fíìsì àwọn àlejò ní Magome láàárọ̀, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e lọ, a sì gbà á ní Tsumago lọ́sàn-án. Owó rẹ̀ kò ga rárá. Omi àti agboòrùn nìkan ló wà lọ́wọ́ Màmá, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n ráyè wo igbó. Wọ́n so agogo mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí èèyàn máa lù ú kí béárì lè gbọ́ pé ẹnì kan ń bọ̀. Màmá ò fo ọ̀kankan.

Lẹ́yìn orí òkè, ilé onígi kan wà tí wọ́n ti ń fún arìnrìn àjò ní tíì lọ́fẹ̀ẹ́. Inú ilẹ̀ ilé gan-an ni ààrò wà, èéfín ti sọ igi àjà di dúdú kirikiri. Bàbá àgbàlagbà kan fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife fún Màmá. Màmá náà fi méjèèjì gbà á, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, ẹ ò ní ṣàárẹ̀." Bàbá tẹrí ba. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ẹnì kejì, àmọ́ ìkíni yẹn yé àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ gohei-mochi: ìrẹsì tí wọ́n gún, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ igi, tí wọ́n sì yan lórí èédú. Ẹ̀wà sóyà tí wọ́n bò títí ó fi kan, bí a ṣe ń ṣe irú, wà nínú ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń pa á lára.

Tsumago ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Láti 1968 ni wọ́n ti ń tún àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ ṣe. Àwọn ará ìlú fẹnu kò pé àwọn ò ní tà wọ́n, àwọn ò ní fi wọ́n háyà, àwọn ò sì ní wó wọn. Ọkọ̀ kì í gba òpópónà náà lọ́sàn-án. Mo ronú kan àwọn ilẹ̀kùn tí àwọn agbẹ́gilére Ẹ̀fọ̀n gbẹ́, ó sì wù mí kí àwa náà fẹnu kò bẹ́ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ń tètè tì níbẹ̀, ẹ mú owó lọ́wọ́. Ilẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí ní ilé àlejò tí a sùn, kò sì sí àga nínú yàrá. Ó nira fún Màmá láti dìde láàárọ̀. Tẹ́ ẹ bá mú àgbà dání, ẹ béèrè àga kí ẹ tó sanwó.