PCR, agar tàbí páálí: èwo ni kí oníyẹ̀fun rà láti fi wá Salmonella?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà lọ́jà fún ẹni tó ń lọ èlùbọ́ ní Ṣábẹ, tó ń yan gàrí ní Kétu, tàbí tó ń po ìyẹ̀fun ọmọdé ní Àjàṣẹ́, tó sì fẹ́ ní láàbù kékeré tirẹ̀: kó gbin Salmonella, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn inú, sórí agar (oúnjẹ kòkòrò tó dì bíi jẹ́lì), kó fi PCR, ẹ̀rọ tó ń sọ DNA kòkòrò náà di púpọ̀ kó lè hàn, wá a, tàbí kó ra páálí tó ń fa ìlà bíi ti àyẹ̀wò oyún.

Àwọn tó ń ta PCR á sọ fún yín pé wákàtí méjì lèsì fi ń jáde. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n kà. Kí ohunkóhun tó dé inú ẹ̀rọ, ìyẹ̀fun gíráàmù 25 gbọ́dọ̀ ti wà nínú mìlílítà 225 omi peptone (omi oúnjẹ tí kòkòrò ń gbà bí sí i) tí à ń pè ní BPW, ní 37 °C, fún nǹkan bíi wákàtí 18. Bó bá jẹ́ kòkòrò kan ṣoṣo ló wà nínú gíráàmù 25 yẹn, kò sí ẹ̀rọ tó lè rí i àfi tó bá kọ́kọ́ bí sí i.

Ibí gan-an lowó ti ń ṣòfò. Kòkòrò inú ìyẹ̀fun gbígbẹ kò kú, àmọ́ agbára ti tán nínú rẹ̀. Bí ẹ bá da ìyẹ̀fun sómi tí ẹ sì mì ín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, omi á ya wọ inú rẹ̀, á sì pa á. Ẹ rọra wọ́n ọn sójú omi, ẹ má rò ó, ẹ jẹ́ kó rì fúnra rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan kí ẹ tó gbé e síbi gbígbóná. Láàbù tó bá fo èyí á máa kọ “kò sí” sórí ọjà tó ní kòkòrò, ì báà jẹ́ agar, ì báà jẹ́ PCR. Fún gàrí, ẹ lo ìgò tó gba ìlọ́po méjì omi náà, torí á wú. Àlùbọ́sà àti ááyù lílọ̀ tún le jù: oje wọn ń dènà kòkòrò nínú omi náà. Potassium sulfite gíráàmù 5 nínú lítà BPW kan ló ń ká a lọ́wọ́ kò. Ti kànáfùrù kò gba èyí. Ìdá kan sí ẹgbẹ̀rún ni kí ẹ fi BPW là á.

PCR lè ka DNA kòkòrò tí iná agbada ti pa, kí ẹ wá dá ọjà tó dáa dúró. Èròjà ọbẹ̀ sì lè dí PCR lọ́wọ́: bí àmì ìdánwò inú rẹ̀, tó ń fi hàn pé iṣẹ́ náà lọ dáadáa, kò bá yọ, “kò sí” tó kọ kì í ṣe èsì. Ẹ fi omi la DNA náà ní ìlọ́po mẹ́wàá, kí ẹ tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú oògùn rẹ̀ ń fẹ́ −20 °C, bí iná bá sì lọ láàárín iṣẹ́, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ ni. Bó bá ní “ó wà”, orí agar náà lẹ ó padà sí kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Agar ń falẹ̀: ọjọ́ kẹrin lẹ ó tó mọ̀ pé kò sí. Láti inú BPW, mìlílítà 0.1 á wọ mìlílítà 10 RVS ní 41.5 °C, mìlílítà 1 á wọ mìlílítà 10 MKTTn ní 37 °C, wákàtí 24 fún méjèèjì (omi oúnjẹ ni wọ́n, tó ń jẹ́ kí Salmonella bí sí i, tó sì ń dá kòkòrò mìíràn dúró), lẹ́yìn náà ó di orí XLD, agar tó ń fi àwọ̀ dá Salmonella mọ̀. Salmonella máa ń pọ́n, àárín rẹ̀ á dúdú. Bí ẹ bá ń po XLD, ẹ má gbé e sínú autoclave (ìkòkò tó ń fi ooru líle pa kòkòrò) o. Kó ṣáà ti hó. Proteus náà lè ní àárín dúdú, torí náà ẹ fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Páálí rọrùn, àmọ́ ó ń fẹ́ kí kòkòrò pọ̀ gan-an kó tó fa ìlà.

Ẹni tó ń yẹ ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ wò lójúmọ́, tí ọkọ̀ ń dúró dè, kó ra PCR. Ẹni tí tirẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ́sẹ̀, kó fi owó náà ra ìnkùbátọ̀ (àpótí tó ń mú ooru dúró sójú kan) méjì, ọ̀kan fún 37 °C, èkejì fún 41.5 °C, àti autoclave. Oníyẹ̀fun ọmọdé á tún lo ti 41.5 °C yẹn fún Cronobacter, kòkòrò mìíràn tó léwu fún ọmọ ọwọ́.