Porsche 911 Dakar àbí Lamborghini Huracán Sterrato: èwo ló lè gbé ilẹ̀ Àjàṣẹ́?

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Faransé pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ti ń tọ́jú owó láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó ń kọ́lé sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, ó sì fẹ́ kí ọkọ̀ asáré kan ti wà nílẹ̀ kí òun tó padà wálé. "Àbúrò, ìwọ lo máa ń wà nídìí ọkọ̀. Èwo ni kí n rà?" Mo bi í pé èwo pẹ̀lú èwo. Ló bá ka mẹ́jọ sílẹ̀ fún mi, láti orí Ferrari títí dé McLaren. Mo ní kó kọ́kọ́ rán ọmọ birikìlà tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ sẹ́nu géètì pẹ̀lú téépù, kó wọn bí kọnkéré orí gọ́tà ṣe ga tó sí títì. Ó rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹni tó bá ń wakọ̀ ní Àjàṣẹ́ á mọ ohun tí mo ń sọ. Títì olókùúta tí wọ́n tẹ́ sí àdúgbò wa dùn ún wò, kò sì jẹ́ kí a máa rì sínú ẹrẹ̀ mọ́ nígbà òjò, àmọ́ ó ń gbọn ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀kù rẹ̀ bá le bí agogo. Tí ẹ bá yà kúrò lórí rẹ̀, erùpẹ̀ pupa ló kù. Ojú ọ̀nà ọ̀dà tó gba Ṣàkétẹ́ àti Pobẹ̀ lọ sí Kétu pàápàá ní òkìtì tí wọ́n fi ń dín eré kù nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ wọ ìlú. Ferrari 458 tó bá pàdé irú òkìtì bẹ́ẹ̀, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kí i.

Nínú mẹ́jọ tí ẹ̀gbọ́n mi kà, méjì péré ni ilé iṣẹ́ wọn ti ro ti ilẹ̀ tí kò lọ́dà mọ́ wọn. Mo ní kó pa mẹ́fà yòókù tì ná. Àwọn méjì yìí ni mo fẹ́ gbé síwájú yín.

Oṣù kan náà ni wọ́n fi wọ́n han ayé, ìyẹn oṣù kọkànlá ọdún 2022. Porsche pè tiẹ̀ ní 911 Dakar, 2,500 péré ni wọ́n sì ní àwọn máa ṣe. Lamborghini pè tiẹ̀ ní Huracán Sterrato, 1,499 ni. Wọn ò ṣe wọ́n mọ́ báyìí, nítorí náà ọwọ́ ẹni tó ti rà á tẹ́lẹ̀ lẹ máa ti rà á, ẹni náà sì mọ̀ pé ohun tí òun dì mú kò pọ̀ láyé.

Orúkọ àti ìdílé

Dakar tí wọ́n fi sọ orúkọ Porsche yìí, Dakar ti Sẹ̀nẹ̀gàl ni. Ní ọdún 1984, Porsche mú 911, wọ́n gbé e ga, wọ́n jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà á, René Metge sì wà á láti Paris dé Dakar, ó gba ipò kìíní. Ọkọ̀ tó ti inú iyanrìn Sàhárà yọ láìfọ́, ẹ ò ní láti tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ẹ tó gbé e wọ erùpẹ̀ Kétu. Ohun mìíràn tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nípa 911. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní 1963, 901 ni wọ́n pè é. Peugeot ló fárígá pé ní Faransé, òun nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí nọ́ńbà mẹ́ta tó ní òdo láàárín. Ẹ rántí 404, ẹ rántí 504 tó kó àwọn bàbá wa àti ewúrẹ́ wọn lọ sọ́jà. Nítorí ìyẹn ni Porsche ṣe yí i sí 911. Ẹ wá rí i pé ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ná Kétu ló sọ ọkọ̀ olówó lórúkọ.

Lamborghini ní tiẹ̀, ìdí katakata ló ti wá. Ferruccio Lamborghini ń ṣe katakata oko kó tó dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ asáré sílẹ̀ ní 1963. Ṣé ẹ rí i pé Sterrato ò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ erùpẹ̀. Sterrato pàápàá, ọ̀nà tí kò lọ́dà ló túmọ̀ sí lédè Ítálì.

Gíga

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ ká rọra kà á. Dakar fi mìlímítà 50 ga ju 911 Carrera tó ní ṣọ́ọ̀kù eré lọ, èyí sì jẹ́ kí àlàfo abẹ́ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 161. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì kan, ó tún máa fi 30 gbé ara rẹ̀ sókè, iwájú àtẹ̀yìn, á di 191. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti jíìpù. Kì í ṣe pé ẹ máa gùn ún kọjá òkìtì tán kó tó rọlẹ̀ o: ó lè wà ní gíga yẹn títí dé eré kìlómítà 170 ní wákàtí kan, àfi tí ẹ bá kọjá ìyẹn ló máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ta ló fẹ́ sáré 170 lórí amọ̀ pupa?

Sterrato fi mìlímítà 44 ga ju Huracán EVO tí wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀. Ó tó fún òkìtì ojú ọ̀nà, ó tó fún títì olókùúta, ó sì tó fún ọ̀nà oko lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Àmọ́ Huracán tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ọkọ̀ tó ń fi ikùn fà ni. Tí omi òjò bá ti la ihò sójú ọ̀nà, Dakar ni mo máa fọkàn tán.

Kò sí èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ gbé wọ omi nínú méjèèjì. Nígbà tí òsà bá kún tí àdúgbò ìsàlẹ̀ sì di odò, ẹ fi í sílé, kí ẹ pe oní-zémi, ìyẹn ọlọ́kadà.

Ẹ́ńjìnì, eré, ariwo

Dakar: sìlíńdà 6 tó sùn sílẹ̀ ní ẹ̀yìn pátápátá, lítà 3.0, tọ́bò méjì (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì), agbára ẹṣin 480, jíà 8. Sterrato: sìlíńdà 10 ní ẹ̀yìn ìjókòó, lítà 5.2, kò ní tọ́bò, agbára ẹṣin 610, jíà 7. Méjèèjì ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn. Ìṣẹ́jú àáyá 3.4 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń kúrò lórí ìdúró dé eré 100, ọ̀mì ni wọ́n ta níbẹ̀. Dakar ń dúró ní 240 nítorí irú táyà tí wọ́n wọ̀ fún un, Sterrato ní 260. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà Kútọnu, ẹ mọ àwọn ọlọ́kadà tó ń yọ lójijì, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.

Ti ariwo ni kò ṣeé fi sílẹ̀. Sìlíńdà mẹ́wàá tí kò sí tọ́bò tó ń dí i lọ́nà ọ̀fun, tó bá gun orí ìyípo 8,000, ìró rẹ̀ á máa gbọ̀n yín láyà bí ìgbà tí ìyá ìlù bá pe orúkọ bàbá yín láàárín ọjà. Porsche náà ń dún, ó ń dún bí òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ Lamborghini yìí ti parí báyìí: Temerario tó rọ́pò Huracán, sìlíńdà 8 pẹ̀lú tọ́bò àti iná mànàmáná ló ń lò. Ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran, bí wọ́n ṣe ń wí ní Kétu. Etí tó bá ti gbọ́ V10, ìyẹn ẹ́ńjìnì sìlíńdà mẹ́wàá náà, ẹ ò lè fi nǹkan mìíràn tàn án.

Epo, eruku, táyà

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, ẹ̀yin tó ń ti òkè òkun bọ̀. Kpayo, epo inú ìgò tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ má bu ún sínú ọ̀kankan nínú àwọn ọkọ̀ yìí, bó ti wù kó pọ́n yín lójú tó. Alùpùpù ń gbà á, Toyota àtijọ́ ń gbà á. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe fún epo òkítéènì 98, tí epo tí kò lágbára bá wọ inú rẹ̀, iná á máa gbá nínú sìlíńdà kó tó àsìkò. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ á gbọ́ ọ, á sì dín agbára kù láti fi gba ẹ́ńjìnì là. Ẹ máa sanwó ẹṣin 610 láti wa 500. Tí omi tàbí ìdọ̀tí bá sì wà nínú ìgò náà, ó di ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù epo àti ínjẹ́kítọ̀. Ilé epo gidi, ọ̀kan tí ẹ mọ̀, ni kí ẹ máa lọ. Kí ẹ tó jáde lọ Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ ti rọ ọ́ kún láti ilé. Lítà 11 lé díẹ̀ ni ìwé sọ pé Dakar ń mu fún kìlómítà 100, Sterrato fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀ o, ẹsẹ̀ yín lè sọ nǹkan mìíràn.

Ti eruku, Sterrato ló ronú jinlẹ̀. Ihò kan wà lórí òrùlé rẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ láti òkè, níbi tí eruku kò ti pọ̀. Lásìkò ọyẹ́, tí gbogbo nǹkan bá pọ́n bí ẹja yíyan, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ro ìyẹn. Àmọ́ ihò náà ti di ojú ẹ̀yìn ọkọ̀ pa, ẹ lè yọ dígí àárín náà kí ẹ fi í wo irùngbọ̀n yín, torí kò wúlò fún nǹkan mìíràn.

Táyà Sterrato jẹ́ irú èyí tó lè rin kìlómítà 80 ní eré 80 lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀. Tó bá jò ní Pobẹ̀, ẹ lè wà á délé. Ti Dakar nípọn, ilẹ̀ líle kò tètè gún un, àmọ́ tó bá jò ó jò. Iwájú ìnṣì 19, ẹ̀yìn ìnṣì 20, fọganáísà ìdí igi kankan kò ní in nílẹ̀. Èyí tó wù kí ẹ rà, ẹ ra táyà mẹ́rin sí i, kí ẹ fi í sínú kọ̀ǹténà kan náà tó ń gbé ọkọ̀ bọ̀.

Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?

Ohun tí ẹ ní láti mọ̀ nípa Lamborghini yìí ni pé ìbátan Audi ni. Audi ló ni ilé iṣẹ́ náà láti 1998, V10 yìí àti jíà rẹ̀ wà nínú Audi R8 pẹ̀lú, nítorí náà ẹni tó bá mọ R8 kò ní dúró máa wò yín. Àmọ́ àwọn nǹkan tó jẹ́ ti Sterrato nìkan, bí ike dúdú tó yí táyà ká, Ítálì lẹ máa dúró dè.

911 ní tiẹ̀ pọ̀ káàkiri ayé. Ohun tó wà lára Dakar, ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lára 911 GTS ìran náà: ẹ́ńjìnì kan náà ni. Ẹ wá mẹkáníìkì tó ní kọ̀ǹpútà Porsche tí wọ́n ń pè ní PIWIS kí ẹ tó sanwó ọkọ̀. Mo ti rí ọkọ̀ kan rí tó jókòó sí ọgbà ẹnìkan fún oṣù mẹ́rin torí iná kan ṣoṣo lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni ò lè kà. Adìyẹ ló jèrè ẹ̀.

Owó

Nígbà tí Dakar jáde, 222,020 owó yúrò ni Porsche bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Jámánì. Yúrò kan jẹ́ sẹ́ẹ̀fà 655.957, nítorí náà ó lé ní mílíọ̀nù 145 sẹ́ẹ̀fà. Sterrato wọ́n ju ìyẹn lọ. Ẹ ò tíì ka owó ọkọ̀ ojú omi, owó aṣọ́bodè ní èbúté Kútọnu, àti TVA, ìyẹn owó orí ọjà, ìdá 18 nínú 100. Kí ẹ tó gbé e kúrò ní Yúróòpù, ẹ jẹ́ kí alágbàṣe èbúté ṣírò rẹ̀ sórí ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi owó pọ́ọ́kú tàn yín.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò dé ibẹ̀, 911 tí wọ́n ṣe láti 2009 lọ ni kó wá. Àwọn tó ṣáájú, láti 1998 títí dé 2008, yàtọ̀ sí Turbo àti GT3, ní bíárìn kan nínú ẹ́ńjìnì tó lè já nígbàkígbà; tó bá já, ẹ́ńjìnì lọ. Gallardo, Lamborghini tó ṣáájú Huracán, náà ti ń dínwó, àmọ́ èyí tó ní jíà e-gear, tí ẹ̀rọ ń bá awakọ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, sún-kẹ̀rẹ̀-fà-kẹ̀rẹ̀ Kútọnu á jẹ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bí ẹni jẹ àkàrà. Ti Ferrari, mo fẹ́ràn 458 dé góńgó, ilé tí mo bá kọ́ sí Monaco ni mo máa gbé e sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí ní Urus, jíìpù Lamborghini nìyẹn, ẹ lọ bi onímọ̀ jíìpù.

Tí mo bá ní kí n sọ ọ́ ṣàkó: ẹni tó ń gbé ilé, tó fẹ́ máa wà á lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kó ra Dakar. Ẹni tó ń wá fún oṣù kan lóṣù Kejìlá, tó fẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò sáré tẹ̀lé òun, kó ra Sterrato. Kí méjèèjì rántí pé ìjókòó méjì ni. Wọ́n ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn tó máa ń wà nínú 911 kúrò nínú Dakar. Tí Màmá bá fẹ́ lọ síbi òkú ní Kétu pẹ̀lú àbúrò wọn, ẹnìkan á wọ bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí padà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ birikìlà ti wọn ẹnu géètì: kọnkéré náà fi sẹ̀ǹtímítà 18 ga ju títì lọ, ó sì ga gànràn bí ògiri. Mo ní ṣebí mo sọ, Dakar ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ti ní kí wọ́n fọ́ kọnkéré náà, kí wọ́n tún un dà kó dagun díẹ̀díẹ̀, torí láti ìjọ́ tí òun ti gbọ́ ariwo Sterrato lórí fóònù, oorun ò kun òun mọ́.