DHB tàbí èérún wúrà: èwo ni kí ẹ rà fún mólékù kéékèèké?

Tó bá jẹ́ purotéènì ńláńlá lẹ fẹ́ gbé sórí MALDI, ẹ̀rọ tó ń fi lésà wọn ìwọ̀n mólékù, mátíríìsì ni kí ẹ rà, ìyẹn èròjà bíi DHB tí a ń pò mọ́ mólékù kó lè bá a gba agbára lésà, kò ní àríyànjiyàn. Èérún wúrà tín-tìn-tín tó wà nínú omi náà lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin tí mólékù yín ò tó 500 Da (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn mólékù) ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí mátíríìsì fúnra rẹ̀ ń yọ sójú àwòrán ìwọ̀n tí ẹ̀rọ ń yà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí ojú mi rí màbo lórí rẹ̀. Dopamine, èròjà kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, ni mò ń wá, DHB ni mo fi ń ṣe é. Ṣóńṣó kan yọ ní ìwọ̀n 154, ibi tí dopamine máa ń wà, òmíràn yọ ní 137, ibi tó máa ń wà gan-an bí amóníà bá já lára rẹ̀. Inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ kí n tó yin lésà sí DHB lásán, tí kò sí dopamine kankan nínú rẹ̀. 154 wà níbẹ̀, 137 wà níbẹ̀, 155 náà ò gbẹ́yìn. Ẹ̀rọ tí mo lò ò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, DHB ni mo ti ń wọ̀n látọjọ́ yìí! CHCA, mátíríìsì mìíràn, náà ò yàtọ̀: 172, 190, 212 àti 379 ni tirẹ̀.

Ti wúrà ò pọ̀: 197, 394, 591. Wọ́n jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń fi wọ́n tún òṣùwọ̀n ẹ̀rọ ṣe. Glúkóòsì á jáde ní 203 pẹ̀lú sódíọ̀mù, 219 pẹ̀lú potásíọ̀mù, láìsí ohun tó bò ó. Sítíréètì, èròjà tí kì í jẹ́ kí èérún lẹ̀ mọ́ra, tó wà lára wúrà lè fi ṣóńṣó díẹ̀ kún un, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó lò ó.

DHB máa ń gbẹ bí abẹ́rẹ́ sí etí ojú àwo. Lésà á rí nǹkan níhìn-ín, kò ní rí lọ́hùn-ún. Wúrà máa ń tẹ́jú jù ú lọ.

DHB ló pọ́ọ́kú, kì í sì í tètè bàjẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wúrà dì ní fíríísà láé. Iyọ̀ náà ń bà á jẹ́: omi tó pọ́n bíi wáìnì á di àwọ̀ aró lójú yín, á sì rì sísàlẹ̀.

Èérún fàdákà ńkọ́? Tó bá jẹ́ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni, ẹ rà á. Ìbejì ni yóò yọ, 493 àti 495, wọ́n á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga dọ́gba, torí oríṣi átọ̀mù méjì ni fàdákà ní, 107 àti 109.

Bí ẹ bá ti ní DHB nílé, tí mólékù kéékèèké ò sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lọ, ẹ máa lò ó, ṣùgbọ́n ẹ yin lésà sí òun nìkan ṣáájú. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni, ìgò wúrà tó kéré jù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.