Absinthe ní Abẹ́òkúta: Ìgò wo ni kí ẹni tí kò mu ún rí kọ́kọ́ rà?

Ilé ìtajà ọtí kan ní Òkè-Ìlewó ń ta oríṣi méjì absinthe, ọtí líle tí wọ́n ń fi ewé àti èso olóòórùn ṣe: funfun, tí ó mọ́ gaara bí omi, àti aláwọ̀ ewé. Mo ra méjèèjì. Funfun ni mo gbà pé ó yẹ kí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n máa ń rẹ wormwood (ewé kíkorò kan), anise àti fennel (èso olóòórùn dídùn méjì) sínú ọtí líle, wọ́n á wá sè é, wọ́n á sì gba èyí tí ó bá ń kán, bí àwọn tí ń ṣe ògógóró ti ń ṣe. Bí wọ́n bá fi mọ síbẹ̀, funfun nìyẹn; bí wọ́n bá tún rẹ ewé mìíràn sínú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó di aláwọ̀ ewé. Ẹni tí paraga kò ṣe àjèjì sí kò ní bẹ̀rù ìkorò rẹ̀.

La Clandestine ni funfun tí mo rà, láti Couvet ní Switzerland, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 53 nínú 100. Nígbà tí òfin de absinthe níbẹ̀, láti 1910 títí di 2005, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, bí wọ́n ṣe ń fi ògógóró pamọ́ fún ọlọ́pàá nílẹ̀ wa láyé òyìnbó amúnisìn. Wọ́n ní thujone, èròjà kan tí ó wà nínú wormwood, ń ya ènìyàn ní wèrè, ṣùgbọ́n agbára ọtí náà gan-an ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé e mì bẹ́ẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ sínú gíláàsì, kí ẹ sì máa kán omi tútù sí i títí omi yóò fi tó ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún ọtí náà. Bí omi ti ń wọlé, òróró anise tí ó ti yòrò nínú ọtí yóò yọjú, ohun tí ó mọ́ gaara yóò rú bí omi ògì, òórùn rẹ̀ yóò sì gba inú yàrá kan; mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú yẹn ju ìmu gan-an lọ. Funfun yìí kò fẹ́ ṣúgà. Iná tí àwọn kan ń ṣá sí i kò sí nínú àṣà àtijọ́, ó sì ń ba adùn rẹ̀ jẹ́.

Bí ẹ bá wá fẹ́ aláwọ̀ ewé, ìgò dúdú ni kí ẹ béèrè. Èyí tí wọ́n tà fún mi wà nínú ìgò tí ó mọ́ gaara lẹ́bàá fèrèsé, oòrùn ọ̀sán sì ti mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Ẹ wo ara ìgò náà pẹ̀lú: òmíràn lágbára tó ìdá 68 nínú 100, irú rẹ̀ sì ń fẹ́ omi ìlọ́po márùn-ún àti hóró ṣúgà kan.