Kále tí mo fi gbé iwájú 4Runner mi sókè: gáráàjì méjì ni mo lọ kó tó dára

4Runner ọdún 2012 ni mò ń gùn, ọjà Amẹ́ríkà ni, mo rà á ní páàkì tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ní Kùtọnu, Kétu níbí ní ilẹ̀ Benin ni mo sì ń gbé. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ yìí á mọ̀ pé láti ilé iṣẹ́ ni imú rẹ̀ ti máa ń tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ tí ìdí rẹ̀ á ga, torí wọ́n mọ̀ pé èèyàn á di ẹrù sẹ́yìn. Lórí ọ̀nà ọlọ́dà, kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko wa lẹ́yìn Ìdígní, tí òjò bá ti rọ̀ tí àwọn ọkọ̀ akérù bá ti fi táyà wọn gbẹ́ kòtò sínú ẹrẹ̀ pupa yẹn, tó bá wá gbẹ báyìí, abẹ́ iwájú ọkọ̀ mi ló máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀, irin tó bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì ti họ tán. Ìdí tí mo fi wá kále nìyẹn, ohun tí wọ́n ń pè ní leveling kit lọ́dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà, irin róbótó méjì tí wọ́n máa ń fi sórí amọ́tísọ̀ iwájú, ìyẹn irin tó ń gba gìrì ọkọ̀, kó lè ti ọkọ̀ sókè kí iwájú lè bá ẹ̀yìn dọ́gba.

Gáráàjì àkọ́kọ́ tí mo lọ, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni, mi ò ní dárúkọ wọn. Kále tí wọ́n ní nílẹ̀ nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 4, wọ́n ní á gbé ọkọ̀ mi sókè ní sẹ̀ǹtímítà 4 náà, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní gbà? Wákàtí méjì, wọ́n ti parí. Ìgbà tí mo wá jáde síta tí mo bojú wẹ̀yìn wo ọkọ̀, àyà mi já. Imú rẹ̀ wà lókè bí ajá tó ń gbóòórùn ẹran. Wọ́n ní kí n fi rìn díẹ̀, á jókòó. Kí n tó dé Pọ́bẹ̀ mo ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, sítíárì ń rìn lọ́wọ́ mi, tí mo bá yà tán kò fẹ́ dá ara rẹ̀ padà sáàárín mọ́, gbogbo ibi tí táyà bá ti já sí kòtò ni mò ń gbọ́ kò! kò! lápá òsì. Ọ̀sẹ̀ kejì, gíríìsì ti fọ́n sí gbogbo inú táyà, rọ́bà tó bo orí ṣáfùtù, irin tó ń yí táyà, ti ya. Owó tí mo san níbẹ̀ jẹ́ 45,000 sẹ́fà, ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Gáráàjì kejì ni mo torí ẹ̀ kọ èyí. Kétu níbí ló wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìlárá, abẹ́ igi ni, páànù díẹ̀ ló bo apá kan, èèyàn lè kọjá níwájú rẹ̀ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún kó má wo ibẹ̀. Bàbá tó ni ín ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kò gbé jáàkì, kò mú sípánà, téèpù ló kọ́kọ́ fà yọ nínú àpò. Ó wọ̀n ọ́n láti àárín gbùngbùn táyà dé etí mọ́dígáàdì lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri: iwájú sẹ̀ǹtímítà 59, ẹ̀yìn 55 ààbọ̀. Ó wá bi mí:

"Àbúrò mi, àwọn tó ṣe é fún ẹ, eélòó ni wọ́n bá níwájú kí wọ́n tó tú u?"

Mo ní, "Wọn ò wọ̀n ọ́n, bàbá."

Ó mi orí, kò sọ nǹkan kan burúkú nípa wọn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn.

Ó pè mí síbi ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń kó pííṣì, ẹ̀yà ara ọkọ̀, sí. Ó ní kí n fi ọwọ́ sí àárín ilẹ̀kùn kí n tì í díẹ̀, kí n wá wo bí etí ilẹ̀kùn ṣe jìnnà tó. Níbi ọwọ́ mi, bóyá ìka mẹ́rin ni, níbi etí ó tó ìka mẹ́jọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí lábẹ́ ọkọ̀ mi, amọ́tísọ̀ kò jókòó sórí táyà, nǹkan bí àárín apá irin ìsàlẹ̀ ló jókòó sí, táyà wà ní ìparí apá yẹn, torí náà ohunkóhun tí èèyàn bá fi kún orí amọ́tísọ̀, nǹkan bí ìlọ́po méjì rẹ̀ ló máa hàn níbi táyà. Kále oní-4, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 8. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ di ibi yìí mú, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá nọ́ḿbà tó ń pè jẹ́ ìnípọn irin ni àbí gíga tí ọkọ̀ máa ga, torí nọ́ḿbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ariwo kò! kò! yẹn náà, apá irin òkè ló ń sọ̀ kalẹ̀ jù tó ń lọ lu rẹ́sọ̀, irin wíwé tó yí amọ́tísọ̀ ká. Ṣáfùtù sì ti dagun jù, ìyẹn ló fa rọ́bà ya.

Kále oní-sẹ̀ǹtímítà 2 ló fi rọ́pò rẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gbé ọkọ̀ lé irin ìdúró, ara ṣaasí, egungun ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ni wọ́n gbé e lé, wọn ò fi sílẹ̀ lórí jáàkì lásán, wọ́n tú wáyà ABS, ti bíréèkì, kúrò lójú ìdè rẹ̀ kó má baà fà ya, wọ́n tú irin tó so ọ̀tún mọ́ òsì, nọ́ọ̀tì mẹ́ta lókè, bóòtù kan nísàlẹ̀, ọmọṣẹ́ méjì tẹ apá ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, amọ́tísọ̀ bọ́ jáde tòun ti rẹ́sọ̀ rẹ̀ lódindi. Irú kále mìíràn wà tí wọ́n máa ń fi sínú, láàárín rẹ́sọ̀ àti àwo orí rẹ̀, ẹni tó bá máa fi ìyẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún rẹ́sọ̀ pọ̀. Bàbá ní òun kì í ṣe é, rẹ́sọ̀ tí wọ́n fún pọ̀ tó bá já lè pa èèyàn, ó sì tún ń mú kí iwájú le gan-an.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé wọn ò fún àwọn bóòtù tó gba inú rọ́bà kọjá le nígbà tí táyà ṣì ń fì lófuurufú. Wọ́n kàn dè é díẹ̀, wọ́n gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n mì í lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin, ìgbà náà ni bàbá wá wọ abẹ́ rẹ̀ lọ fún gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sípánà tó ń ka ìwọ̀n. Tí wọ́n bá ti fún un le lókè, rọ́bà á ti lọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò ní pẹ́ kó fi ya. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i: iwájú 55, ẹ̀yìn 55 ààbọ̀. Mo ní ṣé kò lè dọ́gba pátápátá ni. Ó ní kí n rántí àpò àgbàdo tí mò ń kó látoko, tí ẹ̀yìn bá ti jókòó, iwájú ló máa ga, iná mi á sì máa fọ́ àwọn èèyàn lójú. Òótọ́ ni. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, a gbé ọkọ̀ síwájú ògiri, wọ́n sì yí iná iwájú méjèèjì wálẹ̀, torí ọkọ̀ tó ga sí i iná rẹ̀ náà ga sí i. Àwọn ti àkọ́kọ́ ò dé ibẹ̀ rárá, gbogbo ọlọ́kadà tó ń bọ̀ ló ń bú mi.

Owó iṣẹ́ 25,000, kále 20,000, rọ́bà ṣáfùtù àti gíríìsì 12,000. Wọn ò ní ẹ̀rọ paralelísímù tí wọ́n fi ń to táyà, Àjàṣẹ́ ni mo tún padà lọ fún ìyẹn, mo rọra wà á lọ ni, bàbá ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má sáré kí wọ́n tó to táyà, kí n sì má fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì, torí táyà á jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n tò ó, sítíárì sì ti ń dá ara rẹ̀ padà sáàárín báyìí.

Ó ti pé oṣù mẹ́ta. Abẹ́ iwájú ò kan ilẹ̀ mọ́ lọ́nà Ìdígní. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọkọ̀ máa rọ̀ sí i o, amọ́tísọ̀ kan náà ni, rẹ́sọ̀ kan náà ni, tó bá ti gbó tẹ́lẹ̀, gbígbó rẹ̀ náà ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn náà ò kúrò níbi tó wà, ìsàlẹ̀ irin ẹ̀yìn ṣì sún mọ́ ilẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀: kále tí wọ́n lò jẹ́ irin tí wọ́n kùn, ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó, ìpẹtà ti ń yọ, alumíníọ́mù ì bá dára jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún béèrè kí wọ́n tó kọ rìsíìtì fún mi. 4 nínú 5 ni mo fún wọn, tọkàntọkàn.

Mo padà lọ lẹ́yìn 500 kìlómítà fún yíyẹ bóòtù wò, nọ́ọ̀tì kan lókè ti tú díẹ̀, wọ́n fún un, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ẹ tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà lójúmọ́ fún iṣẹ́ yìí, ẹ má sì lọ lọ́jọ́ ọjà, àwọn ọmọṣẹ́ kì í pé.